Èèyàn Kì Í Ṣe Ọ̀pá Ìwọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Fọ́tò Odi Ìlú Wa

Ẹni tó bá ti wo fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ya nípa odi ìlú ní Nàìjíríà dáadáa, yóò ti pàdé ọkùnrin kan. Ìdí odi ló máa ń dúró sí, apá rẹ̀ méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ojú rẹ̀ á sì máa wo ibòmíràn. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo o. Ní Kánò, ó lè wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀. Ní Bìní, ó lè ró aṣọ mọ́ ìdí. Nínú igbó Ìjẹ̀bú, ó lè mú àdá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ayàwòrán gbé fún gbogbo wọn: kí wọ́n dúró gbọnyin, kí àwa tí a ń wò ó lè mọ bí odi náà ṣe ga tó. Lábẹ́ fọ́tò la ó ti ka gíga odi, ọdún tí wọ́n mọ ọ́n, àti orúkọ òyìnbó tó ya á. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó dúró.

Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ojú ọ̀nà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èrò tí mo sì ní ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sọ fún wa bí odi ṣe ń wà. Odi amọ̀ kì í dá dúró bí àpáta. Òjò kan ṣoṣo tó le, ó ti bù lára rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e ró, ọwọ́ èèyàn náà ló sì ń wó o. Fọ́tò tó bá fi gíga odi hàn, tí kò fi ọwọ́ yẹn hàn, kò tíì ya odi.

Lọ́kọ́jà tí mo ń gbé kò ní odi. Omi méjì àti òkè kan ni ààbò ibí: odò Ọya àti odò Bẹ́núé níwájú, Òkè Pátì lẹ́yìn. Ó lè jọ ẹni tó ń kà á lójú pé ìlú aláìlódi kò yẹ ní ibi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ odi. Àmọ́ ibí yìí gan-an ni wọ́n ti gbé ìbọn tó fọ́ odi ẹlòmíràn jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, Lọ́kọ́jà ni George Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company, ti kó àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ náà jọ kí wọ́n tó lọ bá Bídà jà. Nígbà tó fi di oṣù kejì, wọ́n ti wọ Ìlọrin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibí ni Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1903, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi àgbá fọ́ bodè kan ní Kánò, wọ́n sì wọ ìlú. Lugard fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí irú odi bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ́míà Aliyu tó ni ìlú kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Sókótó ló gbà lọ. Wọ́n mú un lẹ́yìn náà, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Lọ́kọ́jà níbí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀ já sí, ó sì kú síbí ní ọdún 1926. Ọba tí odi tó gbajúmọ̀ jù ní àríwá yí ká, etí odò tí kò ní odi kankan ló sùn sí, òun àti àwọn ẹ́míà mìíràn tí òyìnbó rọ̀ lóyè. Ẹni tó bá wá sí ìlú yìí láti ya nǹkan ìtàn, ibojì àwọn òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ kọ́kọ́ wò.

Kámẹ́rà àti ìbọn jọ rìn ni. Ní oṣù kejì ọdún 1897 yẹn kan náà, ní ọ̀sẹ̀ tí Ìlọrin ṣubú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Bìní, iná sì jó ààfin. Reginald Granville wà lára àwọn tó ya fọ́tò níbẹ̀. Fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú wọn ni ti àwọn ọ̀gá ológun tó jókòó sínú ààfin tí òrùlé rẹ̀ ti jó tán, tí eyín erin àti iṣẹ́ ọnà idẹ sì wà nílẹ̀ ṣùúrùṣù níwájú wọn. Mi ò rí ọmọ Bìní kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Cyril Punch ti gbé kámẹ́rà wọ ìlú yẹn nígbà tí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, òǹkọ̀wé H. Ling Roth sì lo àwọn fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé *Great Benin* tó jáde ní 1903. Ẹ gbé fọ́tò Punch àti ti 1897 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láàárín bí ọdún mẹ́fà, ìlú kan tí èèyàn ń gbé ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù kúrò.

Ó yani lẹ́nu pé odi Bìní fúnra rẹ̀ kò fara hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò ìgbà náà. Ìdí kan ni pé ó ṣòro yà. Ohun tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Iyà jẹ́ yàrà jíjìn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n kó gègèrè sí etí rẹ̀. Igi hù nínú rẹ̀, igi hù lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá dúró sókè, ewé ló ń rí; bó bá sọ̀ kalẹ̀, ewé náà ni. Kámẹ́rà kò mọ bí a ṣe ń ya jíjìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tí yóò lọ dúró sísàlẹ̀, mi ò sì bá wọn wí fún ìyẹn. Láìsí ẹni náà, fọ́tò igbó lásán ni.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Graham Connah tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn wọn odi inú ìlú náà. Ó rí i pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí gègèrè ju mítà 17 lọ, àti pé odi yẹn yí ìlú ká ní bíi kìlómítà 11.6. Lẹ́yìn náà ló ṣe ìṣirò kan tí kò jáde lọ́kàn mi: bí èèyàn 5,000 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, wọ́n lè gbẹ́ ẹ parí láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Lójú tèmi, ìṣirò yẹn ju fọ́tò lọ. Ó kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn padà sínú yàrà, ó gbé ọkọ́ àti agbọ̀n lé wọn lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnì kan ní láti bọ́ wọn. Patrick Darling, tó fi ẹsẹ̀ rin igbó Bìní àti Ìṣàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣírò pé bí a bá so gbogbo Iyà ìgbèríko pọ̀ mọ́ ti ìlú, gígùn wọn yóò tó kìlómítà 16,000. Kò sí fọ́tò tó lè gba ìyẹn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìgbà àwọn awalẹ̀pìtàn tí àwọn tó ń kọ ìtàn fọ́tò kò kà sí. Wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun dé. Ọ̀pá yìí kì í mira, kì í gba owó iṣẹ́, ó sì péye ju èèyàn lọ. Bó ṣe di pé ọkùnrin ìdí odi kò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kó sún kúrò, kó má bà á jẹ́. Láti ìgbà náà ni fọ́tò odi ti ń dá páropáro, tí èèyàn fi wá ń rò pé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni wọ́n ń wò, nígbà tó sì jẹ́ pé ilé wà lẹ́yìn kámẹ́rà.

Kánò ni ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọba Gijimasu ló bẹ̀rẹ̀ odi ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, pé wọ́n parí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, àti pé Muhammad Rumfa tó jọba láti 1463 sí 1499 mú un gbòòrò sí i. Ní òpin ọdún 1930 wọ 1931, ọmọ Switzerland kan tó ń wa ọkọ̀ òfurufú, Walter Mittelholzer, ń fò lọ sí adágún Chad, ó sì ya Kánò láti òkè. Ilé ìkàwé ETH ní Zurich ló ni àwọn fọ́tò náà báyìí, wọ́n sì gbé wọn síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti wo wọn títí. Bí a bá wo Kánò láti òkè, kò ní òrùlé páànù nígbà yẹn. Àjà amọ̀ pẹlẹbẹ ni, ilé lé ilé, ògiri kan ń bá ekejì lọ, ọ̀nà tóóró á gba àárín wọn kọjá bí ẹni ń sá pamọ́. Adágún wà káàkiri, ìyẹn kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé láti ìrandíran tí omi òjò wá kún. Ilẹ̀ gbalasa sì wà láàárín ìlú àti odi. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìlú náà ti ń kú ni. Oko ni. Wọ́n fi odi yí oko ká mọ́ ilé kí ọ̀tá tó bá dó tì wọ́n má bàa fi ebi pa wọ́n. Mittelholzer ya ọgbọ́n ogun láìmọ̀.

Ó ya nǹkan mìíràn tí kò yẹ kó yà. Nínú àwọn èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ti fò sísàlẹ̀, inú àgbàlá ilé la ń wò tààrà. Ní Kánò, àlejò ọkùnrin kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ló ń jókòó sí, àgbàlá jẹ́ ti àwọn obìnrin ilé. Odi, bodè, ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ kí ojú àjèjì má bàa débẹ̀, kámẹ́rà sì fo gbogbo rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń fi drone ya ìlú lónìí, tó ní òun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ẹ bá mi bi í bóyá ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Odi Kánò kò kú ikú ọjọ́ ogbó. Ìgbà tí ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ hàn kedere. Títí di 1903, ó pọn dandan kí wọ́n máa tún un rẹ́. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á gé koríko sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó. Wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù ṣóńṣó tí àwọn Haúsá ń pè ní tubali, wọ́n á sá a títí yóò fi gan, wọ́n á tò ó ní ìpele, wọ́n á da amọ̀ rírọ̀ sáàárín, wọ́n á wá fi ọwọ́ rẹ́ ojú rẹ̀. Òjò ọdún tó ń bọ̀ á fọ díẹ̀ lọ, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gba ìlú, tí ogun tán, ta ni yóò tún lọ po amọ̀ fún odi tí kò dá ẹnikẹ́ni dúró? Wọ́n ṣíwọ́. Òjò kò ṣíwọ́. Nínú gbogbo fọ́tò odi Kánò tí mo ti rí, èyí tó fi ẹni tó ń rẹ́ odi hàn kò pọ̀ tó ti ẹṣin níwájú bodè.

Èyí tó wá pọ̀ ní tiwa ni fọ́tò ìfẹ̀sùnkàn. Odi tó sán, àkìtàn nídìí rẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta, ìsọ̀ onípáànù tó fara ti amọ̀, àti ọkùnrin kan tó ń wa yẹ̀pẹ̀ sínú bárò. Ìwé ìròyìn á gbé e jáde, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn aráàlú ń ba ogún ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Láti ọdún 2007 ni odi Kánò àti àwọn ibi tó so mọ́ ọn ti wà lórí ìwé tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ níwájú UNESCO pé kí wọ́n bá wa rò, ìyà odi náà kò sì dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin oníbárò yìí dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́ nínú fọ́tò: ó dúró nídìí odi, kò lórúkọ, àyàfi pé gíga odi ló ń wọ̀n tẹ́lẹ̀, wíwó rẹ̀ ló ń wọ̀n báyìí. Amọ̀ tó ń wà, ilé ló fẹ́ fi rẹ́, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti wà á láti inú kòtò tó ti di ibi ìdalẹ̀nù. Ìsọ̀ onípáànù ńkọ́? Ẹnì kan ló pín ilẹ̀ yẹn, ẹnì kan ló buwọ́ lu ìwé rẹ̀, ẹnì kan ló ń gba owó oṣù. Ojú ẹni tó ń wa yẹ̀pẹ̀ lóòrùn rọrùn yà ju ọ́fíìsì tí ìwé ilẹ̀ ti jáde lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbójú lé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rí tó pé.

Ẹnì kan wà tó gbìyànjú láti fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún wa, àmọ́ kì í ṣe fọ́tò nìkan ló lò. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ Poland, kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti wọn ilé ìbílẹ̀ wa. Ọdún 1990 ni ìwé rẹ̀ alápá mẹ́ta jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Jos, ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi amọ̀ mọ àwòkọ́ṣe ilé àtijọ́, odi Kánò wà lára wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kí wọ́n tó lè mọ àwòkọ́ṣe, wọ́n ní láti wá àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ. Ọ̀mọ̀lé ló wúlò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wá ẹni tí yóò kàn dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1924, Osvald Sirén, ọmọ Sweden, tẹ ìwé jáde lórí odi àti bodè Beijing. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí wó odi náà láti fi ṣe ọ̀nà mọ́tò àti ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Nǹkan díẹ̀ ló kù, ìwé Sirén sì wá di ibi tí wọ́n ń lọ wò ó. William Lindesay ṣe èyí tó yàtọ̀ lórí Odi Ńlá Ṣáínà: ó mú fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́, ó wá ibi tí ayàwòrán ìgbà náà dúró sí gan-an, ó sì tún un yà láti ojú kan náà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2007. Iṣẹ́ tí a lè ṣe ní bodè Kánò lọ́la ni, owó rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ àti sùúrù lọ. Síbẹ̀, ẹni tí mo gbà pé ó sún mọ́ ohun tí mò ń wá ni ayàwòrán Eugène Atget ní Paris. Odi tí wọ́n mọ yí Paris ká ní àwọn ọdún 1840 ní ilẹ̀ kan níta rẹ̀ tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí. Àwọn tálákà kọ́lé síbẹ̀, pákó àti páànù, wọ́n ń ṣa àkísà tà. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, Atget lọ bá wọn pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá rẹ̀, ó sì kó fọ́tò wọn jọ sínú ìwé kan ní 1913. Ilẹ̀kùn ahéré, òkìtì àkísà, ìdílé tó dúró síwájú ilé wọn tí wọ́n ń wo kámẹ́rà lójú. Odi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wà. Ní 1919 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó o.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Eredo Ṣúngbọ́ ló gba òkìkí jù. Onímọ̀ kan, Peter Lloyd, kọ nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ni ayé gbọ́, nígbà tí Darling àti yunifásítì Bournemouth kéde bí ó ti tóbi tó: ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní bíi kìlómítà 160, ibì kan sì wà tí ó ga tó mítà 20. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń tún yà: ògiri ilẹ̀ pupa tí ewédò bò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń gba àárín igi wọlé, ọkùnrin kan nísàlẹ̀. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń fi etí Eredo pààlà oko ńkọ́? Àwọn tó ń wá jọ́sìn ní Òkè-Èrì lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n gbà pé ibojì Bilikisu Ṣúngbọ́ wà ńkọ́? Wọ́n ní fọ́tò tiwọn, ó sì wà nínú ìwé ìròyìn mìíràn, lábẹ́ àkọlé mìíràn, bí ẹni pé kì í ṣe ìtàn kan náà.

Ibì kan wà tí fọ́tò odi aláìléèyàn ti jẹ́ òótọ́: Ọ̀yọ́-Ilé. Láti àwọn ọdún 1830 tí ìlú ti tú, igbó ló gbà á, ó sì ti di ọgbà ìjọba fún ẹranko báyìí. Ẹni tó bá ya odi ibẹ̀ láìsí èèyàn kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà ní òdìkejì. Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú, ṣùgbọ́n bodè Akaba Ìdẹ̀nà ṣì wà, èèyàn ń bá a gbé, wọ́n ń bọ ọ́. Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé, mọ Kétu dunjú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní àwọn ọdún 1950 tó fi di Fátúmbí. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ mi pé kí ayàwòrán tó mọ bodè, kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó tún ń gbé fọ́tò láti Bàhíà ní Brazil wá sí ilẹ̀ wa, láti ilẹ̀ wa lọ sí Bàhíà, kí ẹbí tí òkun pín lè rí ara wọn.

Ìpadàbọ̀ fọ́tò yìí ni mo rò pé ó sọnù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ odi. Ní Bìní, Solomon Alonge tí wọ́n bí ní 1911 ti ń ya ààfin láti 1933, ó sì ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Iyà kọ́ ló ń yà. Ọba, olorì, ìjòyè, ìyàwó tuntun àti ọmọ ilé ìwé ni. Àwọn tó ń gbé inú odi ni, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní, wọ́n sanwó, wọ́n gbé fọ́tò wọn lọ sílé. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014, tí àwòrán náà sì dé Bìní lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè nàka sí ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ti Northcote Thomas tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba amúnisìn ló rán an wọ ilẹ̀ Ẹ̀dó ní 1909. Ó ya ojú àwọn èèyàn pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń wọn orí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Cambridge ni ọ̀pọ̀ fọ́tò náà wọ̀ sí. Nígbà tí onímọ̀ kan, Paul Basu, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àdàkọ wọn padà sí àwọn ìlú náà láti 2018, àwọn àgbà dá bàbá wọn àgbà mọ̀. Thomas ti kọ orúkọ púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Orúkọ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ní fọ́tò bàbá wọn àgbà rí láyé wọn.

Ní Lọ́kọ́jà tiwa, ayàwòrán tó bá dé á gun Òkè Pátì, á ya ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, á gbọ́ pé orí òkè yìí ni akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì Flora Shaw ti ronú kan orúkọ Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn *The Times* ní London ló ti kọ ọ́, ní oṣù kìíní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn tó ń mú àlejò gòkè. Lẹ́yìn náà á lọ sí ilé ìwé Holy Trinity láti ya irin òmìnira, ibi tí wọ́n ní wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Mo ti rí i níbẹ̀ tí ayàwòrán kan ń fi ọwọ́ lé àwọn ọmọ ilé ìwé sẹ́yìn kí irin lè dá wà nínú fọ́tò. Ọmọ kan nínú wọn tún ń yọjú lápá òsì, ayàwòrán náà sì ń lé e. Èmi ì bá fi ọmọ yẹn sílẹ̀.

Ní 2012 àti 2022, odò wọ ìlú yìí. Fọ́tò òrùlé lórí omi àti ti ọkọ̀ tó há sí ọ̀nà Àbújá kárí ayé. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn aráàlú fúnra wọn ń yà pẹ̀lú fóònù nígbà tí omi fà ló mú mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan á dúró ti ògiri yàrá rẹ̀, ẹrẹ̀ á ti fa ìlà sí i láti igun dé igun, á wá na apá rẹ̀ dé ibi tí ìlà náà wà. Òun náà ń ṣe ọ̀pá ìwọ̀n, àmọ́ òun ló yan ibi tó dúró sí, ìyà tirẹ̀ ló ń wọ̀n, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí fọ́tò nígbà tó fi ránṣẹ́ sí ẹbí.

Constance Larymore, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní ìlú yìí láti 1902, ó sì tẹ ìwé kan tó ní fọ́tò jáde ní 1908. Mi ò tíì rí ẹni tó tẹ àwọn fọ́tò ìgbà náà sórí bébà ńlá, tó sì gbé wọn yí àdúgbò Kabawa àti Àdánkólò ká láti bi àwọn àgbà Tápà, Haúsá, Ígálà àti Òwòrò léèrè pé, ta lèyí? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn ìjọba amúnisìn wà nínú ìlú yìí kan náà. Láti ibẹ̀ dé Kabawa, owó ọ̀kadà ni.